Ike, Omi Gbígbóná àti Ẹnu Ọmọ Jòjòló

Ẹ gbé páálí fídà ọmọ tuntun kan, kí ẹ sì ka ohun tó wà lára rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ ó rí i níbẹ̀ pé kò sí BPA nínú rẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ gàdàgbà, wọ́n sì lè ya ewé tútù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ọkàn òbí lè balẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n kọ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, a mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ara páálí yìí kì í di odindi nínú ẹni tí kò bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́míkà kan ni BPA, Bisphenol A ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Aleksandr Dianin, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ló kọ́kọ́ ṣe é jáde lọ́dún 1891, kò sì sí ohun kan pàtó tí wọ́n ń lò ó fún. Nígbà tó di 1936, Charles Dodds ní London ń wá oògùn tí yóò máa ṣiṣẹ́ bíi ẹ́sítírójìn, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù tó ń sọ ọmọbìnrin di obìnrin. Ó dán bisphenol A wò, ó sì rí i pé ó ń sín họ́mọ́ọ̀nù náà jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tó rí òmíràn tó lágbára jù ú lọ dáadáa, ó fi bisphenol A sílẹ̀. Èyí ló máa ń yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí: kó tó di pé ẹnikẹ́ni fi kẹ́míkà yìí ṣe ike, ó ti wà nínú àkọsílẹ̀ pé ó ń ṣe bíi họ́mọ́ọ̀nù.

Ọdún 1953 ni wọ́n tó rí iṣẹ́ gidi fún un. Àwọn oníṣẹ́ kẹ́míkà ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà, tí wọn kò sì jọ ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣàwárí pé bí èèyàn bá so ó mọ́ra wọn, yóò di ike kan tó mọ́ gaara bíi dígí, tó le, tó sì lè já bọ́ látorí tábìlì kó má fọ́. Polycarbonate ni wọ́n pè é. Ta ló máa rí irú ike bẹ́ẹ̀ tí kò ní fi ṣe fídà? Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń mu mílíìkì.

Ẹ fojú inú wo ike yìí bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín. BPA kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ kan, okùn ló sì so gbogbo wọn pọ̀. Bí okùn bá ṣì le, ìlẹ̀kẹ̀ kì í tú. Ohun méjì ló ń já okùn náà: omi gbígbóná àti ọṣẹ tó le. Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti burú fún ọmọ nìyẹn, torí kò sí ohun èlò kan nínú ilé tí omi gbígbóná àti ọṣẹ ń kàn tó fídà.

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fúnra wọn kò dédé mọ èyí. Ṣèèṣì ni. Ní Yunifásítì Stanford, David Feldman àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń wá nǹkan tó jọ ẹ́sítírójìn nínú ìwúkàrà. Wọ́n rí i, inú wọn dùn, àfi ìgbà tí wọ́n tọpa rẹ̀ tí wọ́n sì bá a pé kì í ṣe inú ìwúkàrà ló ti wá. Inú ìgò polycarbonate tí wọ́n fi ooru pa kòkòrò ara rẹ̀ ló ti ń sun jáde. Wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní 1993. Lọ́dún 1998, nǹkan tó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ sí Patricia Hunt ní Yunifásítì Case Western Reserve. Ẹni tó ń tọ́jú àwọn eku tó fi ń ṣe ìwádìí fi ọṣẹ ìfọlẹ̀ fọ àgò àti ìgò omi wọn. Ike náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, kò sì pẹ́ tí ẹyin inú àwọn abo eku náà fi ń ní àbùkù tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ní 2008, àwọn tó wà ní Yunifásítì Cincinnati wá wọ̀n ọ́n: ìgò polycarbonate tí wọ́n da omi híhó sí ń tú BPA sílẹ̀ ní ìlọ́po 15 sí 55 ju bó ti ń ṣe lọ nígbà tí omi inú rẹ̀ kò gbóná. Ìgò tuntun àti èyí tí wọ́n ti lò fún ọdún mélòó kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra nígbà tí omi tutù wà nínú wọn. Ooru ló fi ìyàtọ̀ hàn.

Látìgbà náà ni òfin ti ń tẹ̀ lé e. Kánádà kéde ní 2008 pé òun yóò fòfin de fídà polycarbonate, ó sì kọ BPA sínú ìwé àwọn kẹ́míkà olóró rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2010. Ní Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ṣíṣe irú fídà bẹ́ẹ̀ di èèwọ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2011, títà rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà. Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò nínú fídà àti kọ́ọ̀bù ọmọ ní 2012, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú agolo àti páálí mílíìkì ọmọ ní 2013. Ẹ má ṣe rò pé àwọn iléeṣẹ́ bá wọn jà lórí ti 2012 o. Ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ kẹ́míkà Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé béèrè fún un, torí pé wọ́n ti jáwọ́ nínú fífi ṣe fídà. Àwọn òbí ti kọ̀ ọ́ kí ìjọba tó kọ̀ ọ́.

Iye tí ara lè gbà ni àríyànjiyàn ṣì wà lé lórí. EFSA, àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù, sọ ní 2006 pé 50 microgram (microgram kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù) fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ kò lè pa èèyàn lára. Ní 2015 ó já a wálẹ̀ sí 4. Ní oṣù kẹrin 2023 ó tún já a wálẹ̀ sí 0.0002, ìyẹn ni pé ó fi ìlọ́po 20,000 dín in kù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ohun tí wọ́n rí pé ó ń ṣe sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara lára eku. Àjọ BfR ti Jámánì kò gbà, 0.2 ni tiwọn. FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ ṣì dúró lórí pé ìwọ̀n tó wà nínú oúnjẹ lónìí kò léwu. Bí àwọn àgbà onímọ̀ bá jókòó sórí tábìlì kan náà tí èsì wọn sì jìnnà síra tó báyìí, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìyá ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń ṣàníyàn jù. Ní tirẹ̀, Yúróòpù kò dúró de ìgbà tí gbogbo ẹnu yóò kò: òfin tuntun tó lé BPA kúrò nínú gbogbo ohun tó ń kan oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní 2025, wọ́n sì fún ọ̀pọ̀ ọjà ní oṣù 18 láti fi yí padà.

Ìdí tí òfin 2025 yẹn fi ṣe pàtàkì ni pé ó mẹ́nu kan àwọn ìbátan BPA tó léwu pẹ̀lú. Torí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 2011 nìyí: nígbà tí wọ́n lé BPA jáde ní ẹnu ọ̀nà iwájú, BPS àti BPF gba ẹ̀yìnkùlé wọlé sínú oríṣiríṣi ọjà. Ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ jẹ́, igun kan ṣoṣo ló yàtọ̀ lára wọn, àwọn náà sì ń sín họ́mọ́ọ̀nù jẹ. Ẹni tó bá kọ sára ọjà pé kò sí BPA nínú rẹ̀ kò purọ́. Kò kàn sọ ẹni tó gbapò rẹ̀ ni.

Ike ni a ń pè gbogbo rẹ̀, àwọn mìíràn a tilẹ̀ máa pè é ní rọ́bà, bẹ́ẹ̀ ike kì í ṣe ohun kan ṣoṣo rárá. Bí ẹ bá yí ìdí fídà tàbí abọ́ ọmọ sókè, ẹ lè rí àmì onígun mẹ́ta tí nọ́ńbà wà láàárín rẹ̀. 5 ni polypropylene, ike tó funfun bí ẹni pé kùrukùru wà lójú rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ fídà báyìí, kò sì sí BPA nínú rẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. 3 ni PVC, 6 ni polystyrene. 7 ni àkójọ àwọn tó ṣẹ́kù, níbi tí polycarbonate wà pẹ̀lú àwọn ike mìíràn tí kò bá a tan. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gba àwọn òbí níyànjú ní 2018 pé kí wọ́n yẹra fún 3, 6 àti 7, àfi tí wọ́n bá kọ ọ́ sára 7 náà pé ara ohun ọ̀gbìn ni wọ́n ti ṣe é.

PVC ní ìṣòro tirẹ̀, kì í sì í ṣe ti ìlẹ̀kẹ̀ àti okùn. PVC fúnra rẹ̀ le gan-an. Kó tó lè rọ̀, wọ́n á po kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní phthalate mọ́ ọn, bí ìgbà tí wọ́n po òróró mọ́ amọ̀. Kò sí okùn tó so ó mọ́ nǹkan kan, nítorí náà ó ń sun jáde díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá sì ń fà á jáde kíákíá. Ọ̀rá wà nínú mílíìkì. Àwọn kan nínú phthalate ń dí họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin lọ́wọ́, a sì ti rí i lára àwọn ọmọ eku tó ṣì wà nínú ìyá wọn. Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kò gbà kí mẹ́ta tó burú jù nínú wọn, tí DEHP jẹ́ ọ̀kan, ju ìdá 0.1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú ohun ìṣeré àti ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ọmọ. Fídà kì í sábà jẹ́ PVC. Inú bíìbù tó ń dán, ohun tí ọmọ ń rún mọ́ èrìgì, àti páìpù rírọ̀ ni kí ẹ ti fojú ṣọ́ ọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọ jòjòló ni gbogbo èyí ń dà láàmú jù? Ìṣirò kékeré kan tó. Ọmọ tó ń mu mílíìkì nìkan ń mu nǹkan bíi 150 mílílítà fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Bí àgbàlagbà tó wọn 70 kílò bá fẹ́ mu tirẹ̀ lọ́nà kan náà, yóò mu lítà mẹ́wàá àti ààbọ̀, lójoojúmọ́, láti inú ìgò kan náà. Ẹ̀dọ̀ ọmọ náà kò sì tíì gbó. Àgbàlagbà tó bá gbé BPA mì, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ á dè é mọ́lẹ̀, á sì tọ̀ ọ́ jáde kí ọjọ́ tó pé. Ti ọmọ jòjòló kì í yára bẹ́ẹ̀. Àti pé àsìkò tí họ́mọ́ọ̀nù ń sọ fún ọpọlọ àti ẹ̀yà ìbímọ bí wọn yóò ṣe dàgbà ni àjèjì yìí ń ya wọ inú ilé tó ń sọ tirẹ̀.

Àfi bíi pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tó. Ní oṣù kẹwàá 2020, àwọn olùwádìí ní Trinity College ní Dublin gbé fídà polypropylene, nọ́ńbà 5 tí gbogbo wa sá lọ bá, wọ́n sì gbọn omi 70°C nínú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń po mílíìkì gẹ́gẹ́ bí ìlànà ṣe sọ. Wọ́n ka èérún ike tó bọ́ sínú omi. Ó tó mílíọ̀nù 16 nínú lítà kan fún àwọn fídà kan. Nígbà tí omi jẹ́ 25°C, nǹkan bíi 600,000 ni. Nígbà tó di 95°C, ó di mílíọ̀nù 55. Wọ́n fojú bù ú pé ọmọ kan káàkiri àgbáyé ń gbé nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ èérún mì lójúmọ́. Lọ́dún 2023, Yunifásítì Nebraska–Lincoln gbé abọ́ ike oúnjẹ ọmọ sínú máíkírówéfù fún ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, wọ́n sì rí i pé ibi tí kò ju èékánná àtàńpàkò lọ lára àwọn abọ́ kan lè tú èérún tó ju mílíọ̀nù mẹ́rin lọ sílẹ̀, yàtọ̀ sí àwọn tó kéré jù wọ́n lọ tí iye wọn lé ní bílíọ̀nù méjì.

Mo mọ̀ pé nọ́ńbà ńláńlá máa ń dẹ́rù bani ju ohun tó ń sọ lọ. Èérún wọ̀nyí kéré púpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọmọ yóò sì yà jáde. Ohun tí àwọn tó bá kù ń ṣe nínú ara ni ìwádìí ṣì ń lọ lórí rẹ̀, kò sì sí àìsàn kan lára ọmọ tí ẹnikẹ́ni lè nawọ́ sí lónìí pé èérún fídà ló fà á. Àmọ́ ẹ wo bí gbogbo rẹ̀ ṣe jọra: ìgò Stanford, omi híhó Cincinnati, 95°C Dublin, máíkírówéfù Nebraska. Ooru ló wà nídìí gbogbo wọn. Ike tó tutù kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Iná ló ń jẹ́ kó pariwo.

Ibẹ̀ gan-an ni òbí ti máa ń fẹ́ ṣe àṣìṣe tó léwu ju ike lọ. Ẹni tó bá ka gbogbo èyí lè sọ pé, ó dáa, n kò ní se fídà mọ́, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni màá fi po mílíìkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mílíìkì oníyẹ̀fun kì í ṣe ohun tí kòkòrò kò sí nínú rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ dé agolo rẹ̀ pinpin. Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Cronobacter lè wà níbẹ̀, ó sì lè gbógun ti ẹ̀jẹ̀ àti awọ tó bo ọpọlọ ọmọ, pàápàá ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì. Ó ń pa ọmọ. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé omi tí a ó fi po ó kò gbọdọ̀ tutù ju 70°C lọ. Ewu kòkòrò yìí dájú, ó sì yára. Ewu ike ń rìn gbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sá fún ti ẹ̀yìn lọ bá ti iwájú ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sínú iná.

Ọ̀nà àbáyọ ni ká pín iṣẹ́ méjèèjì níyà. Ẹ jẹ́ kí ooru pa kòkòrò, kí ike má sì sí níbẹ̀ nígbà tí mílíìkì bá gbóná jù. Àwọn olùwádìí Dublin náà ló là á kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ se fídà bí ẹ ti ń sè é, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá fi omi tí ẹ ti sè tó ti tutù ṣan inú rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán, kí èérún tí sísè náà tú sílẹ̀ lè bá omi ìṣanù lọ. Ẹ se omi mílíìkì nínú ìkòkò tí kì í ṣe ike. Kẹ́tùlù oníke náà wà lára ohun tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Inú jọ́ọ̀gì dígí tàbí ti irin tí kì í dípẹtà, tí ẹ ti sè òun náà, ni kí ẹ ti po mílíìkì pẹ̀lú omi tó ṣì gbóná dáadáa. Ẹ fi ìdí jọ́ọ̀gì náà sínú omi tútù títí yóò fi lọ́wọ́ọ́wọ́. Nígbà náà ni kí ẹ tó dà á sínú fídà. Ẹ kán díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ yín wò kí ẹ tó fún ọmọ, kí ẹ sì da èyí tó bá ṣẹ́kù nù.

Kò gba àkókò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀. Ohun tó nira níbẹ̀ ni ti òru, nígbà tí ọmọ bá ń ké tí ojú sì ń dá yín. Bí agbára bá gbé e, fídà dígí ló mú gbogbo wàhálà yìí kúrò: ẹ lè se é, ẹ lè da omi híhó sí i, kò ní ìlẹ̀kẹ̀ tó máa tú. Ó wúwo, ó sì lè fọ́, nítorí náà ẹ má ṣe fi í lé ọmọ tó ti ń ju nǹkan lọ́wọ́. Àwọn kan ń fi àpò sílíkóònù wọ̀ ọ́. Ti irin náà wà, ẹ kò kàn ní lè rí bí mílíìkì ṣe kù sí nínú rẹ̀.

Máíkírówéfù kò ní àwáwí kankan. Yàtọ̀ sí ike, ó máa ń mú mílíìkì gbóná lójú kan kó sì fi ojú kejì sílẹ̀ ní tútù, ẹnu ọmọ sì ti bó nípa bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mú nǹkan gbóná fún ọmọ, ẹ gbé e sínú abọ́ omi gbígbóná. Ẹ̀rọ ìfọbọ́ tó ń lo omi gbígbóná àti ọṣẹ líle kò yẹ abọ́ ike náà. Ọwọ́ àti ọṣẹ tí kò le tó.

Fífún ọmọ lọ́mú lásán láìfi fídà ṣe kò mú ẹnu ọmọ kan ike fídà rárá, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìyá ni ó ṣeé ṣe fún, kò sì yẹ kí a fi kẹ́míkà ṣe pàṣán nà wọ́n. Ẹni tó ń fún ọmú sínú ìgò náà ń lo ike. Ọmú tó bá wà nínú firíìjì tutù, ewu rẹ̀ kéré. Ẹ sáà gbé e sínú dígí kí ẹ tó mú un lọ́wọ́ọ́wọ́.

Orí fídà sábà máa ń jẹ́ sílíkóònù tàbí rọ́bà igi. Sílíkóònù fara da ooru ju ọ̀pọ̀ ike lọ. Rọ́bà lè ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní nitrosamine, èyí tí wọ́n fura sí pé ó lè fa jẹjẹrẹ, Yúróòpù sì ti fi òfin dín in kù láti 1993. Èyíkéyìí tó bá lẹ̀, tó sán, tàbí tí àwọ̀ rẹ̀ yí, ẹ sọ ọ́ nù. Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, ẹ ṣọ́ra fún àwọn abọ́ melamine tó ní àwòrán mèremère. Wọ́n dára fún oúnjẹ tútù, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó gbóná ju 70°C lọ tàbí ohun kíkan ń fa kẹ́míkà méjì tí wọ́n fi ṣe wọ́n, melamine àti formaldehyde, jáde lára wọn.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa fídà àlòkù, torí a máa ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, aládùúgbò tàbí ìyàwó ilé, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Kí ẹ tó sè é, ẹ yí ìdí rẹ̀ sókè. Bó bá mọ́ gaara bíi dígí, tó le koránkorán, tó jẹ́ pé 7 ló wà nídìí rẹ̀, tó sì ti pẹ́ tó láti jẹ́ ti ìgbà tí òfin 2011 kò tíì dé, ìlẹ̀kẹ̀ àtijọ́ nìyẹn. Nọ́ńbà 5 tí ìfọ́mọ ti ha inú rẹ̀ yánnayànna náà ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ tán, torí ojú ibi tó ha ni èérún ti ń bọ́ jù. Ẹ lè fi wọ́n kó bọ́tìnì àti abẹ́rẹ́ sí.